Lẹ́búlẹ́bú Òdòdó Nínú Omi Ọṣẹ

Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ni yóò wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju ẹni tí ń fi itọ́ pa ojú kí wọ́n lè ní ó sunkún. Ọmọ bàbá kan náà ni wá, ìyá wa yàtọ̀. Òun ni olórí ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká, n'Ìbàdàn, láti ìgbà tí bàbá wa ti jáde láyé, èmi ni mo sì dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin ilé tó ṣẹ́kù. Láti ìgbà tí mo ti gba oyè ní yunifásítì títí di ọ̀sẹ̀ tó kú, orúkọ kan ṣoṣo ló ń pè mí: Onímọ̀ Eruku.

"Onímọ̀ Eruku, eruku mélòó lo kà lónìí?"

Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń bi mí bẹ́ẹ̀, níwájú àlejò, níwájú àwọn ìyàwó ilé. Bí mo bá ní kì í ṣe eruku, á ní, "Kí ló wá jẹ́? Àtíkè ni?" Gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe eruku. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni. Iṣẹ́ tí mo fi ojú mi méjèèjì ṣe nìyẹn, tí mo fi ẹ̀dọ̀fóró mi ṣe, tí mo fi ilé ọkọ ṣe, nítorí pé ọkọ tí mo fẹ́ ní òun kò lè máa bá obìnrin tó ń gun igi kiri ìlú gbé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí àlàyé ti sú mi.

Ẹ wo àgbàdo nígbà tó bá yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, nǹkan kan máa ń bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Òun ni akọ òdòdó fi ń wá abo rẹ̀ kiri, lórí atẹ́gùn tàbí lẹ́sẹ̀ oyin. Gbogbo igi, gbogbo koríko ló ní tirẹ̀. Àwọn tí kì í yọ òdòdó náà, bí olú àti ewé ọmu etí odò, ní irú èyí tiwọn tí wọ́n fi ń gbin ara wọn. Ojú lásán kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ti àgbàdo rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ó ní ihò kan ṣoṣo bí ìdodo. Ti ọ̀pẹ ní igun mẹ́ta. Ti ilá ní ẹ̀gún yíká gbogbo ara, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ti ilá ni mo fẹ́ràn jù.

Èèpo ara rẹ̀ ló yani lẹ́nu. N kò mọ ohun ẹlẹ́mìí mìíràn tó le tó o. Bí ẹ bá sè é nínú ásíìdì tó lè jẹ irin, ohun tó wà nínú rẹ̀ á yọ́ dànù, èèpo á dúró. Bó bá já sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, á wà níbẹ̀ títí ọmọ aráyé ò fi ní rántí pé ìlú kan wà nítòsí rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láyé àtijọ́ fi ń gbẹ́ ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ adágún, tí wọ́n ń ka lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele: níbí, igbó kìjikìji ló wà, níbí, òjò ṣọ̀wọ́n, koríko gba ilẹ̀, níbí, ènìyàn dé, wọ́n ṣán igbó, ọ̀pẹ pọ̀ sí i. Àwọn elépo rọ̀bì náà rí i pé ó wúlò, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú inú òkúta ló ń sọ fún wọn bí òkúta náà ti pẹ́ tó. Àwọn tó tẹ̀lé elépo nínú ẹgbẹ́ wa kọ́lé sí Bódìjà. Èmi tẹ̀lé òdòdó, mo padà sí Bẹ́yẹrúnká.

Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó lè ka ẹrẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ojú lẹ́búlẹ́bú igi kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ já òdòdó lórí igi tí a mọ orúkọ rẹ̀, kó sè é, kó fi aró pupa kùn ún kí ojú lè rí i, kó tẹ́ ẹ sínú jẹ́lì díẹ̀ lórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń pè ní sláìdì, kó fi gíláàsì tín-ín-rín mìíràn bò ó, kó sì kọ orúkọ igi náà sára. Ìgbà náà la ó tó ní ohun tí a ó máa fi wéra. Èmi ni ẹni náà.

Ọ̀gá tí mo bá ní yunifásítì ló fi mí sídìí rẹ̀. Ọmọlúàbí ni lójú gbogbo ayé, ó máa ń wọ kóòtù nínú ooru. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin lẹ mọ nǹkan í sè. Ìdí ásíìdì ni wàá wà." Àwọn ọkùnrin tí a jọ gba oyè, ó kó wọn lọ sídìí máíkírósíkóòpù. Èmi ń sè. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa èéfín jáde ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi kúrò. Ojú fèrèsé ni mo ti máa ń sè é, n ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fi igi tútù dáná. Ikọ́ tí mo ń wú títí dòní, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Òdòdó náà, èmi ni mo ń já a. Mo já a lẹ́yìn Màpó, láàárín àpáta. Mo já a nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí àti ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gun òrùlé páànù ní Ìsàlẹ̀ Òsì láti na ọwọ́ sí igi tó wà lẹ́yìnkùlé, onílé sì ń pariwo nísàlẹ̀ pé, "Ẹ gbà mí o, obìnrin kan ti ya wèrè lórí ilé mi!" Nígbà náà igi ṣì wà nínú ìlú. Ẹni tó bá dúró ní Màpó lónìí tó wo ìsàlẹ̀, páànù tó dípẹtà nìkan ló máa rí, láti ibẹ̀ títí dé ibi tí ojú rẹ̀ bá mọ.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá wa tẹ ìwé ńlá kan jáde. Àwòrán lẹ́búlẹ́bú ló kún inú rẹ̀. Sláìdì mi ni gbogbo wọn. Mo ṣí ojú ewé tó ti ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀. Mo gbé ìwé náà lọ bá a.

"Sà, n kò rí orúkọ mi."

"Orúkọ wo?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí àlejò bá jẹun yó, ṣé ó máa ń béèrè ẹni tó gún iyán ni?"

"Kì í béèrè, Sà. Ṣùgbọ́n baálé ilé kì í ní òun lòun gún un."

Ó wá gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yìí ni ò jẹ́ kí o pẹ́ nílé ọkọ."

Òun náà ti kú. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Yàrá tí mo ti ń se ásíìdì ni.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn ń wá àyè tí àwọn máa kó kọ̀ǹpútà sí, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn sláìdì náà lọ dà sí ààtàn. Mo tò wọ́n sínú àpótí onígi, mo háyà ọkọ̀ máíkírà, mo kó wọn wá sí pálọ̀ bàbá mi. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bébà kékeré kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ: orúkọ igi lédè Yorùbá, orúkọ rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀, ibi tí mo ti já a. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Bàbá mi, tó ń rán fìlà ní Ọjà'ba, ló kọ́ mi pé kí n máa kọ̀wé bí ẹni tó ń rán nǹkan, kó wọlé kó jáde láìfò.

Èyí tó ṣe iyebíye sí mi jù nínú wọn ni ti igi ìyeyè tó wà láàárín agbo ilé wa. Ìdí rẹ̀ ni bàbá mi máa ń jókòó sí rán fìlà bí oòrùn bá mú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ sláìdì ṣe, òdòdó rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é fún ara mi, mo sì yá máíkírósíkóòpù wálé kí bàbá mi lè rí i. Ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó pẹ́. Lẹ́búlẹ́bú ìyeyè ní ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ lára, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ta ló rán eléyìí?" Mo ní igi tó wà lókè orí rẹ̀ ni. Ó gbójú wo òkè. Ó ní, "Ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nípa iṣẹ́ mi tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn rí. Lẹ́yìn tí bàbá kú, lọ́jọ́ kan tí mo lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gé igi náà, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo dé, mo bá ìtì igi nílẹ̀, òdòdó ṣì wà lórí ẹ̀ka.

"Ewé ẹ̀ ń dí gọ́tà," ló wí. "Kí lo ń sunkún sí? O ṣáà ti ní eruku ẹ̀ nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìkan ni mo ní.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí ojú mi ti di bàìbàì, tí mo ti gbà pé mo ti parí, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì wá mi wá sí Bẹ́yẹrúnká. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì jókòó sétí àga bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun.

"Mà, nínú ìwé tí ọ̀gá kọ, àwòrán kan wà tí etí bébà orí sláìdì yọjú nínú ẹ̀. Mo wo ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, mo ní ọwọ́ ọ̀gá kọ́ nìyí. Ni mo bá ń bi àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ẹ ti kú."

"Ta ló ní mo ti kú?"

"Gbogbo wọn, Mà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ó ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́ láti dá lẹ́búlẹ́bú mọ̀ nísinsìnyí. Dípò kí ènìyàn máa kà á títí ojú yóò fi fọ́, ẹ̀rọ á wo àwòrán, á sì pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n á fi mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń fa ikọ́ fée, wọ́n á fi mọ oyin gidi yàtọ̀ sí omi ṣúgà, wọ́n á fi ka ẹrẹ̀ odò. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé lẹ̀rọ náà rí. Ohun tí wọ́n bá fi hàn án nìkan ló máa mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn igi tí mo já kò sí nílẹ̀ mọ́ láti fi hàn án. Àfi sláìdì mi.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe wọ́n, Mà. Orúkọ yín ló máa wà lára ẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àfi kí n ya àwọn sláìdì yẹn gan-an ní fọ́tò, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé yín lórí wọn. Láìsí ìyẹn, ìwé ọ̀gá nìkan lẹ̀rí tí wọ́n máa rí."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí látìgbà tí irun mi ti dúdú, ọmọ tó tó ọmọ bíbí inú mi ló gbé e wá. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Mo kó àwọn sláìdì jáde nínú àpótí, mo ń tò wọ́n sórí tébù pálọ̀ ní ìdílé-ìdílé: ìyeyè pẹ̀lú máńgòrò àti kajú, ilá pẹ̀lú òwú àti àràbà.

Bí mo ti ń tò wọ́n lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà bí ẹ̀sìn wa ti wí. Fídáù rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ń bọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ máíkírà lọ sí Òkè-Àdó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú mi. N kò ti ilẹ̀kùn pálọ̀. N kì í tì í. Láti ìgbà tí mo ti kó àwọn sláìdì náà dé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n rí nínú ilé wa, bí ọmọdé ti pọ̀ níbẹ̀ tó. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Nígbà tí mo padà dé, òórùn ìsáàlì, oògùn apakòkòrò, ló kọ́kọ́ pàdé mi. Omi gọ́tà ẹnu ọ̀nà pọ́n. Mo rò pé àgbò fídáù ni wọ́n ti pa. Mo wọ inú agbo ilé, mo bá àwọn ìyàwó ilé yí abọ́ ńlá ká létí kànga, ooru ń rú lójú omi.

Ó yẹ kí n sọ pé, nínú ilé tiwa, ọkọ ni ọmọ-ilé jẹ́ fún ìyàwó ilé, ì báà ṣe obìnrin. Wọn kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bá nílé; Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, opó àbúrò mi kan, ni ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ilé yẹn. Látìgbà tí ojú mi ti ń ṣe mí, òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀, kì í sì í jẹ́ kí n dúpẹ́. Òun ló dìde.

"Akọ̀wé, ọkọ mi! Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyàwó yín o!"

Ó mú tíréè kan wá. Ó nà án sí mi. Àwọn sláìdì mi wà lórí rẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n mọ́ kedere bí omi òjò. N kò rí pupa kankan lára wọn. N kò rí bébà.

"Kí lẹ ṣe?"

"A ti fọ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹ̀ kúrò. Há, ó lẹ̀ mọ́ ọn o! Omi tútù ò rí i ṣe. Ìgbà tí mo bu omi tó ń hó lé e lórí ló tó ń yọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tẹ́ ẹ ti ń yẹ̀ wò látijọ́ ni. Ọkọ mi, àwa náà ti lọ ọsibítù rí, ṣebí orí gíláàsì báyìí ni wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ẹni sí."

Ìyàwó kékeré kan láti ẹ̀yìn ní, "Bí wọ́n ṣe kán tèmi náà nìyẹn. Wọ́n ní ibà. Oyún ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀la ni àwọn ààfáà máa jókòó sí pálọ̀ yẹn," ni àgbà wọn wí. "Nájísì ni ẹ̀jẹ̀. Wọn ò lè máa ké Kùránì níwájú ẹ̀jẹ̀ alárùn, àdúrà ò ní gbà fún Bàbá. Mo ní a ò ní kó ohun ọkọ wa sọnù. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ fún wọn."

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Bàbá tó kú yìí náà ni. Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti kó o wálé ni wọ́n ti pe gbogbo wa jọ, tọmọ tìyá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àrùn tí kò gbóògùn ló wà lórí gíláàsì Akọ̀wé, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kò ní rí ọjọ́ kejì. Kí lẹ rò pé kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ débẹ̀?" Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, láílọ̀nù wà lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi okùn so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. "Lónìí náà, gbogbo àwọn yìí ló ń sá. Èmi ni mo ní bí mo bá kú sídìí ẹ̀, ọkọ mi ni mo kú fún."

Mo wá àga jókòó.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ bá mi rò ó wò. Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ̀ dájú pé òdòdó ni, tó ń pè é ní eruku lójú mi, ló pè é ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn mi. Ṣé yẹ̀yẹ́ ni àbí ààbò? Irọ́ rẹ̀ ló fi ṣọ́ sláìdì mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí tí ọmọdé kò fi fọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Irọ́ yẹn náà ló pa gbogbo wọn lọ́jọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n bá mi gba orúkọ mi padà. N kò lè bi í mọ́, ó ti wọ ilẹ̀ lọ. Ìkórìíra tó mọ́ tónítóní tí mo ní sí i, ó tún bá mi dà á rú kó tó lọ. N kò dárí jì í. Igi bàbá mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tún lè bú u bí mo ti í bú u tẹ́lẹ̀, kí ọkàn mi balẹ̀.

Aró pupa tí mo fi kùn wọ́n kí ojú lè rí wọn, òun ló sọ wọ́n di ẹ̀jẹ̀. Jẹ́lì ni wọ́n wà nínú rẹ̀, jẹ́lì kò sì lágbára omi gbígbóná.

"Àwọn gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lórí wọn ńkọ́?"

"A ti kó wọn dànù, wọ́n lè gé ọmọ lẹ́sẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú mi. "Ọkọ mi, ṣé kò mọ́ tó ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀gá tó jí orúkọ mi, mo rí ọ̀rọ̀ sọ sí i. Ẹ̀gbọ́n tó gé igi, mo bá a jà. Obìnrin tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ohun ìní mi, kí ni mo fẹ́ ṣe fún un?

"Ó mọ́," ni mo wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n ṣe fídáù náà. Àwọn ààfáà jókòó sí pálọ̀, wọ́n yìn ín pé ó mọ́. Olórí wọn bẹ Ọlọ́run kó má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òkú náà parun. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn, mo sì gbójú wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú kámẹ́rà àti gbogbo ohun èlò rẹ̀ nínú báàgì. Ìyàwó àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé tíréè wá, ó ti fi aṣọ funfun bò ó. Ọmọbìnrin náà ṣí i. Ó mú ọ̀kan, ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó mú òmíràn.

"Mà, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó da ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ẹ lè tún wọn ṣe? Èmi á máa sè é, ẹ̀yin ẹ kàn máa júwe."

"Igi dà?"

Ó tẹjú mọ́ tíréè náà. Mo rí i pé ó ń ronú, mo sì mọ ohun tó ń rò, nítorí pé onímọ̀ ni èmi náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́ láti parí ló máa rò ó.

"Àwọn àwòrán inú ìwé ọ̀gá," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n ṣì ṣe é lò, Mà. Kọ̀ǹpútà á mọ̀ wọ́n látibẹ̀."

"Orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sí i?"

"Mà, mo máa sọ fún wọn."

"Mo ní orúkọ ta ni?"

"Ti ẹni tó ni ìwé, Mà. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Tèmi kò bọ́.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó lọ, mo dúró létí gọ́tà. Pupa rẹ̀ ti lọ, ẹrẹ̀ dúdú ló kù. Mo mọ̀ pé wọ́n wà nínú rẹ̀. Ọṣẹ kì í pa wọ́n, ìsáàlì kì í pa wọ́n, ásíìdì tí mo kọ́kọ́ fi sè wọ́n le ju omi gbígbóná yìí lọ. Ìyeyè bàbá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ara rẹ̀. Òjò á gbé wọn lọ sí odò Ògùnpa, wọ́n á rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n á sì wà níbẹ̀ nígbà tí Bẹ́yẹrúnká kò bá sí mọ́. Bí ẹnì kan bá gbẹ́ ẹrẹ̀ náà lọ́jọ́ kan, yóò bá gbogbo igi Ìbàdàn nínú ìpele kan ṣoṣo, ìpele ìgbà tiwa yìí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé igbó ńlá kan wà níbí nígbà ayé wa. Irọ́ ni yóò kọ. Kò sì ní mọ ẹni tó pa á.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ojú mi dára ni, ǹ bá bu ẹrẹ̀ náà, kí n jókòó tì í, kí n máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n lójú tí mo ní báyìí, lẹ́búlẹ́bú tí bébà orúkọ rẹ̀ ti bọ́ kò yàtọ̀ sí eruku tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè é.

Ìyàwó àgbà jáde wá bá mi, tíréè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yé e ìdí tí àlejò mi fi sunkún, ó sì rò pé àwọn kò fọ̀ ọ́ dé ibi tó yẹ.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ tún ní òmíràn tó kù, ká bá yín fọ̀ ọ́?"

"Rárá," ni mo wí. "Ó ti tán."